Ṣé pápá Jackie Robinson ṣì wà ní Brooklyn?

Ìbéèrè: Mò ń lọ sí Brooklyn lóṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ rí pápá tí Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ gbá béísbọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún ogún, ti gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé ó ṣì wà? Kí ló sì gbé ẹgbẹ́ rẹ̀, Dodgers, dé Los Angeles?

Ìdáhùn: Ebbets Field ni pápá yẹn ń jẹ́. Ọdún 1960 ni wọ́n wó o, ilé gbígbé alájà gíga ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Àmọ́ ẹ ṣì lè dé ojú ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Q ni kí ẹ wọ̀ (ọkọ̀ B náà ń dé ibẹ̀, àmọ́ kì í rìn lópin ọ̀sẹ̀), kí ẹ sọ̀ ní Prospect Park, kí ẹ fẹsẹ̀ rin Empire Boulevard lọ sápá ìlà oòrùn, kí ẹ sì yà sọ́wọ́ òsì ní Bedford Avenue. Ẹ wá òkúta kan lára ògiri tó sọ pé ibẹ̀ ni Ebbets Field wà tẹ́lẹ̀. Ilé onílé ni o, ẹ má wọnú ọgbà wọn.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ yí ibẹ̀ po: Bedford, Sullivan, McKeever, Montgomery. Títì mẹ́rin yìí ló há pápá náà mọ́ láti 1913. Ògiri ọwọ́ ọ̀tún kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà 297 lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá fò ó, ojú títì Bedford ló ń já sí. Kò síbi tí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ sí. Ìjókòó bí 32,000, àyè ìgbọ́kọ̀sí bí 700 péré, bẹ́ẹ̀ àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ti ń kó lọ sí Long Island, mọ́tò ni wọ́n sì ń gbé wá.

Walter O'Malley, olórí ẹgbẹ́ náà, fẹ́ fi owó ara rẹ̀ kọ́ pápá tuntun sí ìkòríta Atlantic àti Flatbush, níbi tí rélùwéè Long Island parí sí. Ilẹ̀ ló fẹ́ kí ìjọba bá òun gbà. Robert Moses, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ ìkọ́lé ní New York, kọ̀ jálẹ̀. Flushing ní Queens, apá mìíràn ní New York, ló fi lọ̀ ọ́. O'Malley nìkan ni ọ̀pọ̀ ará Brooklyn ń dá lẹ́bi. Lójú tèmi, Moses náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

Los Angeles ní ilẹ̀ nílẹ̀ ní Chavez Ravine, níbi tí wọ́n ti lé àwọn ìdílé tó tan mọ́ Mẹ́síkò kúrò. Ẹgbẹ́ náà ṣí lọ lẹ́yìn ìdíje 1957. Wọ́n kọ́kọ́ lo Coliseum, pápá ìṣeré ńlá kan ní Los Angeles. Ọwọ́ òsì pápá náà kúrú débi pé àwọ̀n gíga ni wọ́n fi dí i. Ní 10 April 1962 ni Dodger Stadium, pápá tí wọ́n kọ́ sí Chavez Ravine, ṣí.

Bí àyè bá yọ, ọkọ̀ ojú irin 7 á gbé yín dé Citi Field ní Flushing. Ẹgbẹ́ Mets, ẹgbẹ́ béísbọ́ọ̀lù New York, ló ń lò ó, àmọ́ wọ́n kọ́ iwájú rẹ̀ kó jọ Ebbets Field, wọ́n sì fi orúkọ Robinson sọ gbọ̀ngàn àbáwọlé rẹ̀.