Ẹ má tíì gbé 4Runner yẹn sókè

Bọ̀dá, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ ní 4Runner ọdún 1999 lọkọ̀ yín, onífọ́-wíìlì, ẹ́ńjìnnì V6 ti 3.4. Ẹ fẹ́ gbé e sókè ní ínǹsì 4, kẹ́ ẹ fi táyà 33 (tó ga ní ínǹsì 33) sí i, kí wẹ́dà sì ṣe bọ́ńpà irin síwájú rẹ̀, torí pé ọ̀nà oko yín kì í ṣeé rìn bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá béèrè pé èwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú tèmi, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó yẹ kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú. Ti 1998 lèmi ń wà, oko mi wà lápá Ìpàpó ní Òkè-Ògùn, owó tí mo sì ti fi ṣòfò lórí irú nǹkan yìí, ìyàwó mi ò tíì mọ iye ẹ̀ dòní.

Wẹ́dà ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Ó gé irin roboto méjì fún mi, ìkọ̀ọ̀kan nípọn ní ínǹsì 2, ó sì kì wọ́n sórí ṣọ́kì iwájú lọ́tùn-ún lósì. Mo rò pé ínǹsì 2 náà lọkọ̀ máa fi ga. Irọ́ ni. Níwájú 4Runner yìí, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dá wà lórí áàmù tiẹ̀, ìyẹn apá irin tó so táyà mọ́ ṣáásì, ìdí ṣọ́kì sì jókòó sí nǹkan bí àárín áàmù, kò dé ìdí táyà. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi kún orí ṣọ́kì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì tó bá fi máa dé ìdí táyà. Bí imú ọkọ̀ mi ṣe lọ sókè tó ínǹsì 4 nìyẹn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níbi tó wà, torí sípíríǹgì ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ yìí máa ń rẹlẹ̀ tí wọ́n bá ti dàgbà. Ó wá dà bí ajá tó fìdí jókòó. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà ń yan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù.

Kò pé oṣù kan tí mo fi ń gbọ́ kà-kà-kà nígbàkigbà tí mo bá kọ́wọ́ ọkọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: gíríìsì ti fọ́n sára ríìmù látinú, rọ́bà tó bo ṣáàfù iwájú, ọ̀pá tó ń yí táyà, ti fàya yíká. Ṣáàfù yẹn ò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ibì kan lọ, èmi sì ti tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tó ń mú kí táyà dúró tọ́. Ó yí bóòtù ìsàlẹ̀ áàmù títí tó fi dé òpin, ó nara, ó ní, “Ọ̀gá, eléyìí ò lè tọ́ o. Ẹ lọ sọ ọ́ kalẹ̀.” Mi ò gbọ́. Táyà iwájú méjèèjì jẹ látinú títí wáyà fi ń yọjú, etí tìta sì ń dán bí tuntun.

Ṣùgbọ́n ohun tó la ojú mi gan-an ni bọ́ọ̀lì-jọ́ìntì ìsàlẹ̀, oríkèé irin oníbọ́ọ̀lù tó so áàmù mọ́ ìdí táyà. Bọ̀dá, tẹ́ ò bá ka nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ ka èyí. Àwọn 4Runner 1996 sí 2002, wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ àìsàn yìí kárí ayé. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ńṣe ni ìwúwo ọkọ̀ máa ń tẹ bọ́ọ̀lù náà wọnú ilé rẹ̀. Lára tiwa yìí, ńṣe ló ń fà á jáde. Tó bá ti jẹ, ọjọ́ kan ló máa já bọ́, táyà á sì yẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ tó yẹ̀.

Tèmi já bọ́ bí mo ṣe ń yà jáde nílé epo kan n'Ísẹ́yìn. Jíà kìíní ni mo wà, mi ò sáré rárá. Mo kàn gbọ́ gbàù, ọkọ̀ sì dojú bolẹ̀ lápá ọ̀tún, táyà ti dùbúlẹ̀, páànù orí rẹ̀ ti ká, rọ́bà bíréèkì ti nà tán bí okùn gìtá. Ìdajì wákàtí ṣáájú ìgbà yẹn, 100 ni mo ń sá bọ̀ lójú títì. Nígbà tí wọ́n tú u, bọ́ọ̀lì-jọ́ìntì tó já yẹn ò tíì pé ọdún kan. Nínú páálí tó dára ni mo ti rà á, ẹni tó tà á sì búra fún mi pé ojúlówó ni. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ra ti ìsàlẹ̀ mọ́ àyàfi ti Toyota fúnra wọn, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú bóòtù tuntun, mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi bóòtù àtijọ́ dè é padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù òkè òkun, tó dáa, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ máa lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ipò tí tiyín wà, ẹ fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹnì kan ki ọ̀pá irin bọ abẹ́ táyà kó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn fọwọ́ di bọ́ọ̀lì-jọ́ìntì yẹn mú. Tó bá mì pẹ́nrẹ́n, ẹ má wà á lọ síbi tó jìnnà.

Rédíétọ̀ ló tẹ̀ lé e, pàápàá tí jíà yín bá jẹ́ ọ̀tọmátíìkì. Inú rédíétọ̀ kan náà ni ọ́ìlì jíà máa ń gbà kọjá kó tó tutù. Bí rédíétọ̀ bá gbó, ó lè là nínú, omi á sì pò mọ́ ọ́ìlì, á wá di pupa rúsúrúsú bíi mílíìkì onísitirọ́bẹ́rì. Jíà nìyẹn lọ. Ẹ ra tuntun tàbí kẹ́ ẹ fi kúlà ọ̀tọ̀ sí i fún jíà. Búṣì áàmù (rọ́bà inú ìdí áàmù) àti rọ́bà bíréèkì, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti gíga. Kí ló ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ yín lójú ọ̀nà oko? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Differential ẹ̀yìn ni, ìkòkò irin tó wà láàárín áàsù, ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Nígbà tí katakata bá ti la ipa méjì sójú ọ̀nà, òkìtì àárín ló máa ń gbá a. Ẹ fi sípíríǹgì gbé ọkọ̀ dé òrùlé, ìkòkò yẹn ò ní kúrò níbi tó wà, torí áàsù ẹ̀yìn dúró lórí táyà, sípíríǹgì sì wà lórí áàsù. Ara ọkọ̀ nìkan lẹ gbé. Táyà ló lè gbé differential, ìdajì ohun tẹ́ ẹ bá sì fi kún gíga táyà ló ń kàn án. 265/70R16 ló wà lẹ́sẹ̀ tèmi tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́ di 265/75R16. Táyà yẹn fi nǹkan bí ínǹsì 1 ga ju ti tẹ́lẹ̀, differential wá fi ìdajì ínǹsì lọ sókè. Ó kéré létí, àmọ́ ó wọlé láìgé nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì ò sì mọ̀ ọ́n lára. Bí míta bá ń sọ 100, 103 ni mò ń sá, ìyẹn náà ni gbogbo wàhálà rẹ̀. Táyà 33 tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ẹ máa gé páànù, ẹ máa lu ẹ̀yìn bọ́ńpà wọlé, tẹ́ ò bá sì pààrọ̀ eyín differential, ọkọ̀ á máa pààrọ̀ jíà sókè sódò bí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ tó bá dórí òkè.

Ohun tó yí ìrìn mi padà jù lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá, mo rì sínú ẹrẹ̀ dúdú kan tó wà ṣáájú ẹnu ọ̀nà oko mi. Afẹ́fẹ́ 35 psi ló wà nínú táyà. Mo fi 4 Low, jíà alágbára tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà, mo tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. A gbẹ́ ẹ jáde, ó tún rì. Ọmọkùnrin kan tó ń fi Hilux ògbólógbòó kó gbágùúdá dúró, kò tilẹ̀ kí wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìtì igi tẹ ẹnu fáàbù, afẹ́fẹ́ ń jáde fìì títí táyà fi ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán: 18 psi. Ọkọ̀ kan náà, táyà kan náà, ẹrẹ̀ kan náà, ó rìn jáde jẹ́ẹ́jẹ́ láìpariwo. Géèjì àti pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀, ẹ ra ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra bọ́ńpà. Tẹ́ ẹ bá padà sójú títì, ẹ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó sáré.

Mo ṣì gbé tèmi sókè nígbẹ̀yìn o, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo yọ irin wẹ́dà dànù, mo ra ṣọ́kì àti sípíríǹgì tuntun tí wọ́n ṣe fún ara wọn, iwájú fi ínǹsì 2 àti ààbọ̀ ga, ẹ̀yìn fi 2. Ní ẹ̀yìn, iye tí sípíríǹgì bá fi ga náà lọkọ̀ máa fi ga, kò sí ìlọ́po níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pinnu irú sípíríǹgì, ẹ pinnu ẹrù. Bó bá jẹ́ pé dandan ni bọ́ńpà irin àti winch (ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ọkọ̀ jáde), sípíríǹgì tó máa gbé wọn le ju èyí tí mo rà lọ. Tẹ́ ẹ bá ra ti ọkọ̀ òfìfo, kẹ́ ẹ tó wá gbé irin lé e, imú á padà sílẹ̀, owó á sì ti lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé ṣáásì títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fi rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ fojú ara yín wo rọ́bà bíréèkì. Kò gbọdọ̀ nà gan-an. Irin gbọọrọ kan wà tó so áàsù mọ́ ṣáásì níbùú. Bọ́kọ̀ bá ti ga, irin yẹn á fa áàsù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni fáàbù bíréèkì kékeré kan tó ní apá tó so mọ́ áàsù ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ rù tàbí kò rù. Bí ẹ̀yìn bá ga, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù, ẹ̀yin sì ti kó àpò pákí mẹ́wàá sẹ́yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìdí apá yẹn sókè bí wọ́n ṣe gbé ọkọ̀. Mẹkáníìkì tèmi ò mọ̀, èmi ni mo fi hàn án.

Tí odò bá wà lọ́nà yín, àwọn áàsù ní ihò tí wọ́n fi ń mí. Mo sọdá odò kékeré kan lẹ́yìn ìrìn gígùn, irin gbóná, omi tutù, ló bá fa omi mu. Nígbà tí wọ́n tú ọ́ìlì differential sínú abọ́, ọ̀gì ni mo rí, ọ̀gì bàbà. Rọ́bà gígùn méjì, tí wọ́n fà láti ihò yẹn lọ sókè, ni oògùn rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó owó ọ́ìlì tí mo dà nù.

Ní báyìí, ẹ bá mi wo nǹkan kan lábẹ́ ọkọ̀ yín. Ìdí áàmù ìsàlẹ̀ iwájú, bóòtù méjì-méjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí orí wọn ní àmì bíi ti aago. Àwọn ni wọ́n fi ń ṣe aláìmẹ́ǹtì. Ìpẹtà máa ń lẹ̀ wọ́n mọ́ inú búṣì. Ẹ fún ọ́ìlì sí wọn lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ gbìyànjú àtiyí wọn lọ́la. Tí wọn ò bá yí, ẹ sọ fún mi kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, torí gígé ni wọ́n máa gé wọn, áàmù tuntun sì nìyẹn.