Èsì: Measure S kò fòpin sí ìdíje fún iṣẹ́ àgbàṣe ní San José

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ béèrè bóyá Measure S, àbá òfin kan tí wọ́n gbé síwájú àwọn olùdìbò, ti jẹ́ kí ìlú San José lè gbé iṣẹ́ àgbàṣe fún ẹni tó bá wù ú láìsí ìdíje. Rárá, Measure S tí àwọn olùdìbò San José ní California fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 kò fún ìjọba ìlú náà láàyè láti gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà wù ú, bí ẹ ti ń bẹ̀rù. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá ju dọ́là 600,000 lọ (iye tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 2018) ṣì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ìdíje gbangba kọjá, níbi tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ti ń dá iye owó lé iṣẹ́. Àwọn tó kéré sí i ni a mú ìlànà rọrùn fún.

Iṣẹ́ ìkọ́lé àti àtúnṣe tó jẹ́ ti ìlú, bí ọ̀nà àti páìpù omi, ni èyí kàn. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìlú ni wọ́n tún ṣe, ìdí nìyẹn tó fi di ọ̀rọ̀ ìdìbò.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti lajú ni pé ìlú náà lè wo ìrírí agbaṣẹ́ṣe àti dídára iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ iye owó tó dá lé e, dípò kí ó mú ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ojúsàájú ti lè yọ́ wọlé, nítorí náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ pín máàkì fún àwọn agbaṣẹ́ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.