Ìtọ́jú CAR-T fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀: ta ló yẹ kó bá aláìsàn lọ?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 52 ni ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin. Lymphoma, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ni wọ́n ń tọ́jú fún un ní UCH níbí. Ó gba kímò (oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ), àìsàn lọ, ó tún padà. Èyí tó gbà lẹ́ẹ̀kejì kò ràn án. Wọ́n ní CAR-T wà ní Íńdíà. Kí ni ojú rẹ̀ máa rí níbẹ̀, ta ló sì yẹ kó bá a lọ? (Òǹkàwé kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: CAR-T ni pé kí wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kí wọ́n tún un ṣe kó lè dá jẹjẹrẹ mọ̀, kí wọ́n sì dá a padà sára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ní àmì CD19 lára. Àmì yìí ni CAR-T ti lymphoma máa ń wá kiri. NexCAR19, CAR-T tí Íńdíà fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, wà fún lymphoma àti leukaemia (òun náà jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀) tó bá ti ara sẹ́ẹ̀lì B, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀, jáde. Bó bá jẹ́ oríṣi mìíràn, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹ gba èsì àyẹ̀wò, kí ẹ sì gba ègé ẹran ara tí wọ́n fi ìda dì ní yàrá àyẹ̀wò dání, torí àwọn tọ̀hún á fẹ́ fi ojú ara wọn wò ó. Ẹ ṣe àyẹ̀wò hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) náà: ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ìtọ́jú yìí sì lè jí i dìde, ṣùgbọ́n oògùn wà tí wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Tí wọ́n bá dá iye owó, ẹ béèrè bóyá owó ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) wà nínú ẹ̀.

Níbẹ̀, ẹ̀rọ máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á yọ sẹ́ẹ̀lì T, á dá ìyókù padà sára. Wákàtí 3 sí 6 ni. Bí ètè tàbí ìka rẹ̀ bá ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀, kó sọ: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀rọ ló ń fa calcium wálẹ̀, wọ́n á sì fún un. Wọ́n á wá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tún sẹ́ẹ̀lì náà ṣe. Ó lè nílò kímò díẹ̀ nígbà yẹn, torí àìsàn ò ní dúró dè wọ́n. Kímò ọjọ́ 3 ló kù, lẹ́yìn náà wọ́n á dá sẹ́ẹ̀lì padà sára rẹ̀. Èyí kì í tó wákàtí kan, ara rẹ̀ sì lè máa rùn bí aáyù fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ló le. Ibà gbígbóná máa ń dé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ jù, èémí lè má já gaara, torí sẹ́ẹ̀lì yẹn ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń jà. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú ti kùnà. Oògùn tocilizumab ni wọ́n fi ń pa á rọ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ọpọlọ: ọ̀rọ̀ á máa sọnù lẹ́nu, ọwọ́ á máa gbọ̀n, gìrì lè mú un.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìbéèrè yín kejì sí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó mọ ohùn rẹ̀, tó sì lè jí lóru ni kó bá a lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni nọ́ọ̀sì á fi bi í léèrè. Bó bá ń ṣi Yorùbá sọ, ta ni yóò mọ̀? Láràárọ̀, kí ẹni tó bá a lọ ní kí aláìsàn ka ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, ọgọ́rin padà sẹ́yìn, kó dárúkọ ohun mẹ́ta nínú yàrá, kó sì kọ gbólóhùn kan sínú ìwé. Bí ìkọ̀wé àná bá dára, tí tòní rí wúruwùru, kí ẹni tó bá a lọ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ aago méjì òru. Bí wọ́n bá tètè fún un ní oògùn dexamethasone, ọ̀pọ̀ ló máa ń bọ̀ sípò.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń wò sàn. Nínú ìwádìí tí Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí axi-cel, CAR-T mìíràn fún lymphoma, ní 2017, nǹkan bí ènìyàn mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn tí kímò kò ràn mọ́ sì ni wọ́n.

Nígbà tó bá padà sí Ìbàdàn, agbára ara rẹ̀ láti gbógun ti àrùn á ṣì kéré fún oṣù púpọ̀. Bí ooru ara rẹ̀ bá tó 38°C, ẹ má lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ ibà àti kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì mú ìwé tó fi hàn pé ó ti gba CAR-T dání.