Fàdákà Inú Pánẹ́ẹ̀lì Sólà Tó Ti Gbó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé fàdákà wà nínú pánẹ́ẹ̀lì sólà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń da àwọn tó ti gbó sórí ààtàn? Ǹjẹ́ ènìyàn lè fọ́ ọ tàbí kí ó sun ún fúnra rẹ̀, kí ó sì ṣa ohun tó níye lórí nínú rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni pé fàdákà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wo ojú pánẹ́ẹ̀lì náà ní àwòfín, ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó là kọjá lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná: fàdákà nìyẹn, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nínú pánẹ́ẹ̀lì onísílíkónì (sílíkónì ni èròjà tí wọ́n fi ṣe sẹ́ẹ̀lì rẹ̀), èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ, gíláàsì nìkan kó nǹkan bí ìdá 70 sí 75 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, férémù alumíníọ̀mù kó bí ìdá 10, sílíkónì kò sì ju bí ìdá 3 sí 5 lọ. Fàdákà kì í sábà tó ìdá 1 nínú 1,000. Síbẹ̀, bí a bá ń ṣírò owó, òun nìkan lè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye owó àwọn ohun tó wà nínú pánẹ́ẹ̀lì náà.

Ohun tó mú iṣẹ́ náà le ni ike tó ń ṣe iṣẹ́ gọ́ọ̀mù láàárín gíláàsì àti sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ṣe é kí ó lè fara da òjò àti oòrùn fún ọdún 25 sí 30, kò sì ṣeé bó bí èèpo ọsàn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń tú férémù àti wáyà kúrò, wọn a sì lọ ìyókù pọ̀; gíláàsì tó jáde níbẹ̀ kì í mọ́ tó láti fi ṣe pánẹ́ẹ̀lì mìíràn, fàdákà àti sílíkónì a sì bá a lọ. Lójú tèmi, òfin pàápàá dá kún un. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ka pánẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ àwọn ohun èlò iná tí ẹni tó ṣe é jáde gbọ́dọ̀ bójú tó àtúnlò wọn, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ìwúwo ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: ìdá 80 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ di àtúnlò. Ẹ tún wo ìṣirò òkè yẹn: ẹni tó bá gba gíláàsì àti férémù ti lè dé ibẹ̀ láìfọwọ́ kan fàdákà rárá.

Àwọn tó fẹ́ fàdákà náà lóòótọ́ lè gbé pánẹ́ẹ̀lì sínú ìléru tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí ike náà yóò fi di èéfín, tí gíláàsì, sẹ́ẹ̀lì àti bàbà yóò sì yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a fi ásíìdì yọ́ fàdákà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, wọn a sì fi iná mànàmáná sọ ọ́ di ògidì padà.

Ní ti sísun ún nílé, rárá o. Ike ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ní fluorine, èròjà kẹ́míkà kan, nínú, èéfín rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́; ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń mú irú èéfín bẹ́ẹ̀, iná ẹ̀yìnkùlé kò ní. Fífọ́ ọ náà léwu, nítorí pé iná inú pánẹ́ẹ̀lì tó ti fọ́ ṣì lè gbé ènìyàn bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ba pánẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná wọn agbára rẹ̀, torí pé èyí tó ti lo ọdún 25 ṣì lè máa mú nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 agbára ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá. Bí kò bá wúlò mọ́, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe àtúnlò ní odindi, láìfọ́.