Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti gbàgbé ibà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní London láì wálé. Kérésì tó kọjá ni mo tó wá. N kò lo oògùn ibà kankan, mo ní ta ni ibà fẹ́ dẹ́rù bà? Ọjọ́ kejìlá tí mo dé ni mo dùbúlẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi fa omi sí mi lára ní ọsibítù. Màmá mi tá a jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, tí ẹ̀fọn ń jẹ àwa méjèèjì, kò tilẹ̀ ní ẹ̀fọ́rí. Kí ló fà á? Mo sì fẹ́ mú àwọn ìbejì mi wálé lọ́dún yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n, London ni mo bí wọn sí. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Òótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ yín ti gbàgbé. Ẹ̀yin nìkan kọ́. Tó bá ti di ìparí oṣù Kejìlá, àwọn tó ti òkè òkun dé kì í wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì wa, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ sọ náà ni pé, "Ṣebí ibí ni wọ́n bí mi sí."

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara yín. Bí abo ẹ̀fọn bá ti kòkòrò ibà bọ̀ yín lára, inú ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sá sí. Á lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tó bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Tá a bá fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ náà, inú ẹ̀jẹ̀ pupa la ti máa ń rí i, roboto bí òrùka tó ní òkúta kan lórí. Á jẹun níbẹ̀, á bímọ, ilé tó wọ̀ á sì bẹ́ láàárín wákàtí 48. Àwọn ọmọ á tú jáde, wọ́n á wá ilé tuntun wọ̀, pàǹtírí wọn á sì dà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun, ìyẹn àwọn ṣọ́jà ara, ló máa ń rí pàǹtírí yìí tí wọ́n á fi pariwo olè. Ariwo wọn ni ara gbígbóná àti òtútù tí ń mú eyín gbá ara wọn.

Àwọn ṣọ́jà yìí máa ń kọ́ṣẹ́. Gbogbo àìsàn tó bá wọlé ni wọ́n máa ń wò láṣọ, bí télọ̀ ṣe ń wọn èèyàn, wọ́n á wá rọ ohun ìjà tó bá a mu. Aṣọ kan náà ni èéyi máa ń wọ̀ ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan kì í tún un ṣe. Ní erékùṣù Faroe, èéyi jà ní 1781, kò sì tún débẹ̀ mọ́ títí di 1846. Nígbà tó padà dé, àwọn arúgbó tó ti ṣe é ní kékeré ni kò mú. Ọdún 65, ara wọn kò gbàgbé!

Ibà ò rí bẹ́ẹ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ní nǹkan bí 60 aṣọ nínú àpótí, bí ara bá ti mọ ọ̀kan tán, á pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń ṣe ibà léraléra kí ara rẹ̀ tó mọ púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tó bá fi dàgbà, á ti ní ohun ìjà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1961, ní Gambia, àwọn dókítà yọ ohun ìjà yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà, wọ́n gún un fún àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà sì fà sẹ́yìn gan-an.

Tá a bá gún màmá yín níka lónìí, ó ṣeé ṣe ká bá kòkòrò ibà níbẹ̀. Díẹ̀ ni, wọn ò jẹ́ kó pọ̀, ara wọn ò sì pariwo lé e lórí mọ́. Ẹ̀fọn tó ń jẹ wọ́n lójoojúmọ́ ló ń rán ara wọn létí. Ẹ̀yin ò rí ẹ̀fọn náà fún ọdún mọ́kànlá, ohun ìjà yín sì ti ń joro láti ọjọ́ yìí. Díẹ̀ lè ṣẹ́ kù, àmọ́ kì í tètè jí. (Tó bá jẹ́ pé AS ni jẹ́nótáìpù yín, ìyẹn ò joro ní London, àbímọ́ ni. Ó máa ń dín ibà tó le kù ni, kì í dí i lọ́nà.)

Ti àwọn ìbejì ló ká mi lára jù, nítorí ara wọn ò mọ ibà rí rárá. Ẹ má wò ó pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Lójú ẹ̀fọn, ọmọ òyìnbó ni wọ́n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tó dé Nàìjíríà ní 2024 kì í ṣe tiwọn, àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń gbé níbí ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ́ ẹ wọ bàálù, ẹ lọ rí oníṣègùn tàbí afòògùntà ní London. Atovaquone-proguanil, oògùn tí ń dènà ibà, ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọdé: ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, lójoojúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, àti ọjọ́ méje lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà. Ọjọ́ méje yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ rántí pé ẹ̀fọn ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ bàálù lè ti fi kòkòrò sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ lò ó. Inú nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni kẹ́ ẹ máa sùn, kí màmá má sì bínú, àgbo wọn ò lè dípò oògùn náà.

Bí ara ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbóná láàárín ọdún kan tẹ́ ẹ padà, ẹ lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ pé Nàìjíríà lẹ ti dé. Dókítà ibẹ̀ lè máa rò ó sí ọ̀fìnkìn.

Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ka iye oògùn ọmọdé, nítorí náà kí wọ́n gbé Táyé àti Kẹ́hìndé sórí ìwọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbejì kì í sábà wúwo bákan náà.