Ìrù tí chloroquine ń fà lórí C18, ẹjọ́ silica ni

Àbúrò, o ní paracetamol ń jáde geere lórí C18 tuntun yẹn, kọ́lọ́ọ̀mù HPLC, ọ̀pá tá a fi ń ya oògùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n chloroquine ń wọ́ ìrù nílẹ̀, peak ẹ̀, òkè tí ẹ̀rọ ń yà bó ṣe ń jáde, kì í parí bọ̀rọ̀, o wá ń rò pé ayédèrú kọ́lọ́ọ̀mù ni wọ́n tà fún ẹ. Fara balẹ̀ ná, ó ṣe èmi náà rí.

Silica ló wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, ìyẹ̀fun funfun kúnná báyìí, silanol, ìyẹn Si-OH, ló sì bo gbogbo ara ẹ̀. Wọ́n wá so ẹ̀wọ̀n carbon 18 mọ́ àwọn silanol yẹn, bí ìgbà téèyàn gbin koríko, ara ẹ̀ á wá di ọlọ́ràá, ìdí nìyẹn tí nǹkan tó fẹ́ràn omi fi ń tètè bọ́ síta, tí èyí tó fẹ́ràn ọ̀rá á jókòó síbẹ̀ títí methanol á fi lé e. Àmọ́ C18 sanra jù, kò ráyè dé ara gbogbo silanol, bíi ìdajì ló ń ṣẹ́ kù sábẹ́ ẹ̀. Wọ́n máa ń fi nǹkan tó kéré sí i dí wọn, síbẹ̀ kì í tán. Tí pH bá ti sún mọ́ 7, àwọn tó ṣẹ́ kù á di nẹ́gétíìfù, chloroquine sì rèé, bésì, pọ́sítíìfù ni tiẹ̀, ni wọ́n bá dì mọ́ra, àwọn kan á jáde lásìkò, àwọn kan á há, wọ́n á máa yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Paracetamol ò gbé nǹkan kan ní pH yẹn, ta ni yóò dá a dúró?

Èmi ọlọ́gbọ́n wá gbé bọ́fà, omi tó ń mú pH dúró lójú kan, lọ sí pH 10 kí pọ́sítíìfù tí chloroquine ń gbé lè dínkù, lórí kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tá a ní. Ìrù dínkù lóòótọ́, mo ń yan kiri láàbù. Nígbà tó yá peak bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì. Mo tú orí kọ́lọ́ọ̀mù, ibi tó yẹ kí ìyẹ̀fun kún dé ẹnu ti jìn wọnú bíi kòtò. Silica máa ń yọ́ tí pH bá ti kọjá 8, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fọ̀ ọ́ dànù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lọ̀gá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ sísàlẹ̀ ni, bọ́fà phosphate ní pH 3, silanol á rọlẹ̀. Má jẹ́ kó wọ abẹ́ 2 o, ásíìdì á gé C18 yẹn kúrò. Tí ìrù bá ṣì kù, kán triethylamine, bésì kékeré kan, díẹ̀ sí i, òun ló máa gba ìjókòó mọ́ chloroquine lọ́wọ́, àmọ́ kọ́lọ́ọ̀mù tó bá ti mu ún kì í fọ̀ tán, yà á sọ́tọ̀. Bó o bá parí iṣẹ́, omi pẹ̀lú methanol 10% ni kó o kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, tó o bá sáré ju methanol gidi sí i, phosphate á di iyọ̀ nínú ẹ̀, wàá rí bí pírẹ́ṣọ̀ á ṣe fò sókè.

Pẹ̀lú gbogbo àlàyé tó o ṣe yẹn o ò kọ pH tó ò ń lò. Mélòó ni?