Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kọ́ Ló Ń Kọ́ Iléeṣẹ́: Ìdáhùn fún Ará Kubwa Kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀kun ni mí láti ìpínlẹ̀ Kogí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa níbí. Aṣòfin tó ń ṣojú wa ní Lọ́kọ́ja ti pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò sí iṣẹ́ nílé, ojoojúmọ́ ni àwọn àbúrò wa ń já sí Àbújá. Ọkùnrin kan tó ní òun ń bá aṣòfin náà ṣiṣẹ́ sọ pé wọ́n fún un ní àyè iṣẹ́ ìjọba, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦20,000 fún fọ́ọ̀mù. Ṣé ká san? Báwo la ṣe lè mú kí aṣòfin yìí kọ́ iléeṣẹ́ kajú fún wa? Ṣé a sì lè lọ bá aṣòfin ìpínlẹ̀ ti Àbújá níbí náà?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ ló sì ti sanwó tán kí wọ́n tó béèrè. Civil Service Commission ti ìpínlẹ̀ ló ń gba òṣìṣẹ́ sí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, abala 197 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ló sì dá a sílẹ̀. Aṣòfin kò ní fọ́ọ̀mù kankan tó ń tà. Ẹni tó bá fi irọ́ iṣẹ́ gba owó lọ́wọ́ èèyàn ti kó sínú òfin ọdún 2006 tó de àwọn oníjìbìtì 419. Bí ẹnì kan bá ti sanwó lára yín, kó tọ́jú alert báńkì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp, kó gba àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì EFCC lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o: èmi kò sọ pé aṣòfin yín mọ̀ sí i. Orúkọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni irú àwọn èèyàn yẹn sábà máa ń tà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé orúkọ rẹ̀ sórí Facebook, kí ẹ̀yin tí wọ́n lù ní jìbìtì má baà di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ìdáhùn gbogbogbòò sì ni mò ń ṣe níhìn-ín. Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ẹ wá lọ́yà tó máa ka ìwé tó wà lọ́wọ́ yín.

Ti Àbújá kò gba àkókò: Àbújá kò ní aṣòfin ìpínlẹ̀ nítorí kì í ṣe ìpínlẹ̀. Abala 299 gbé iṣẹ́ òfin ibẹ̀ lé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ lọ́wọ́. Sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú méjì ló ní, pẹ̀lú káńsù mẹ́fà. Kubwa wà lábẹ́ káńsù Bwari, àwọn ni kí ẹ bá fún ọ̀rọ̀ àdúgbò tí ẹ ń gbé. Ọ̀rọ̀ ilé ti Lọ́kọ́ja ni.

Ó wá ku iléeṣẹ́ tí ẹ ní kí aṣòfin kọ́. Ibí yìí ni inú ti ń bí mi, kì í ṣe sí ẹ̀yin, sí àwọn tó jẹ́ kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kíkọ àbá òfin, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà àti ọmọdé pé aṣòfin tó bá ṣe dáadáa ni èyí tó gbé nǹkan wálé. Bíbẹ aṣòfin pé kó kọ́ iléeṣẹ́ dà bí ìgbà tí èèyàn gbé irun orí rẹ̀ tọ alágbẹ̀dẹ lọ pé kó bá òun dì í. Abala 4 fún Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ní agbára láti ṣe òfin. Abala 5 gbé agbára láti ṣe iṣẹ́ náà fún gómìnà, òun àti àwọn kọmíṣánnà rẹ̀. Aṣòfin kì í gbé kóńtíràkì jáde, kì í di àpò owó ìlú mú. Bó bá ń ṣe é, ẹ̀sùn ni, kì í ṣe oríyìn.

Ẹ ó ní, ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló lè gbà wá. Ó lè jẹ́ owó ara rẹ̀, ìyẹn jẹ́ ẹ̀bùn, ẹ dúpẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé inú bọ́jẹ̀ẹ̀tì ló ti wá, lábẹ́ orúkọ iṣẹ́ ẹkùn ìdìbò, tí iléeṣẹ́ ìjọba kan rà á tí wọ́n sì lẹ àwòrán aṣòfin mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ èyí, owó yín ni wọ́n fi ra nǹkan fún yín. Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn obìnrin tó gbà á léèrè: iná tí wọ́n máa fi lọ aṣọ dà? Ta ló ń rán aṣọ lójoojúmọ́ lábúlé tí owó kò ti yí ká? Ogún ẹ̀rọ kò lè dá ọjà sílẹ̀ níbi tí ọjà kò ti sí. Nígbà tí ìdìbò bá tún dé, wọn á tún pín òmíràn, ẹ̀yin náà á tún pàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè òfin tí aṣòfin yẹn ṣe láti ọdún tó ti dé ibẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lágbára ju ọ̀kadà lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ ká fi kajú yín wò ó. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára ibi tí kajú ti pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Inú àpò ni wọ́n ń di èyí tó pọ̀ jù sí pẹ̀lú èèpo rẹ̀, Vietnam àti Íńdíà ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń yan án. Iṣẹ́ tí àwọn àbúrò yín ń wá kiri ní Kubwa wà nínú àpò tó ń lọ yẹn. Kí ló dé tí ẹni tó lówó kò fi wá bó kajú nílùú yín? Iná, ọ̀nà, àti àwọn tó ń gba owó lójú ọ̀nà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ọwọ́ aṣòfin nínú.

Iná: láti ọdún 2023 tí wọ́n ti tún ìwé òfin ṣe, tí òfin iná mànàmáná tuntun sì jáde, Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí pípèsè iná àti pínpín in, títí kan àdúgbò tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ṣe òfin tirẹ̀, tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná, sì ti fa àbójútó iná lé àjọ ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́. Nítorí náà, ìbéèrè yín sí aṣòfin kì í ṣe “iná wa dà?” lásán. Ẹ bi í pé: ìgbà wo ni ìgbìmọ̀ iná nílé aṣòfin pe àjọ iná ìpínlẹ̀ yẹn kẹ́yìn, kí ni wọ́n sì sọ nípa àwọn abúlé tó lè fi iná oòrùn kékeré bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀nà: Báńkì Àgbáyé àti àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé ló ń kówó sí ètò RAAMP fún ọ̀nà oko, Kogí àti Kwara sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí ètò náà ń béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni pé kí wọ́n fi òfin dá àjọ ọ̀nà ìgbèríko àti àpò owó ọ̀nà sílẹ̀, kí ọ̀nà tí wọ́n bá là má baà di kòtò lẹ́yìn òjò méjì. Ẹ rí i pé òfin ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún owó níhìn-ín. Àwọn aṣòfin ló lè béèrè bóyá owó ń wọ inú àpò náà lóòótọ́.

Owó ojú ọ̀nà: ẹ ti rí àwọn tó ń fi igi tó ní ìṣó dá ọkọ̀ àgbẹ̀ dúró, tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ oríṣiríṣi. Òfin àpapọ̀ kan láti 1998 ka dídí ọ̀nà láti gba owó orí léèwọ̀. Síbẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ lè fi òfin tirẹ̀ kó gbogbo owó wọ̀nyí jọ sójú kan, kí àgbẹ̀ san án lẹ́ẹ̀kan. Òfin yìí kò ná ìjọba ní nǹkan púpọ̀, ó sì lè dín ìnira àgbẹ̀ kù ju ọgọ́rùn-ún ọ̀kadà lọ.

Ọ̀kan tún wà tí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Abala 7(3) ní kí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ ṣe òfin tó máa dá ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé sílẹ̀ fún àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀. Láti ọdún 1999 ló ti wà níbẹ̀. Ní July 11, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Tí owó bá wá dé láìsí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n máa fi ṣe, ta ló máa sọ pé kajú ló kàn?

Èyí tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá bọ́jẹ̀ẹ̀tì ìpínlẹ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gbé e síbẹ̀. Ẹ wá orúkọ ìlú yín nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ kan, ẹ wo ìròyìn bí wọ́n ṣe náwó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí owó tó wà nínú ìwé kì í ṣe owó tó jáde. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tọ́rọ̀ kàn lábẹ́ òfin Freedom of Information ti 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ti sọ ní April 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti dáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín, ojú ìwé kan péré. Ẹ má kọ “ẹ ràn wá lọ́wọ́.” Ẹ dárúkọ ọ̀nà kan, láti ibi báyìí dé ibi báyìí, kí ẹ sì ní kó rí i pé ó wọ bọ́jẹ̀ẹ̀tì. Ẹ dárúkọ òfin kan tí ẹ fẹ́ kó gbé wá. Ẹ ní kó fèsì lórí ìwé. Ìparí ọdún ni àwọn gómìnà sábà máa ń gbé bọ́jẹ̀ẹ̀tì lọ síwájú ilé, nítorí náà kí lẹ́tà yín ti dé ibẹ̀ kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Bí wọ́n bá pe ìjókòó ìta gbangba lórí bọ́jẹ̀ẹ̀tì náà, ẹ dáwó ọkọ̀ fún ẹni méjì kí wọ́n gba Lọ́kọ́ja lọ. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń sá kajú tó sì ń tà á, kó sọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà fún wọn, ní èdè Ọ̀kun bó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn.